Ẹ Yẹ Fọ́ọ̀kì Adojúdé Wò Dáadáa Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Bí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ní fọ́ọ̀kì (ẹsẹ̀ méjì tó di wíìlì iwájú mú) adojúdé wá bá mi, orúnkún ni mo kọ́kọ́ máa ń fi há wíìlì iwájú, màá wá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, màá yí i sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á yí díẹ̀, wíìlì ò ní tẹ̀ lé e. Ohun tó fà á ni pé fọ́ọ̀kì náà kò ní afárá. Fọ́ọ̀kì tí gbogbo wa mọ̀, ìsàlẹ̀ ni páìpù tó nípọn wà, tínńrín ń ti òkè wọ inú ẹ̀, irin tí à ń pè ní afárá sì gba orí táyà kọjá, ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ti adojúdé, òkè ni èyí tó nípọn lọ, tínńrín bọ́ sísàlẹ̀, áásù (irin tó gba àárín wíìlì kọjá) nìkan ló mú àwọn ẹsẹ̀ náà pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ RockShox gbé fọ́ọ̀kì adojúdé RS-1 jáde ní 2014, họ́ọ̀bù (àárín wíìlì) tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe fún un. Wíìlì tẹ́ ẹ ti ní nílé, ẹ gbàgbé ẹ̀. Podium, fọ́ọ̀kì adojúdé tí ilé iṣẹ́ Fox gbé jáde ní 2025, áásù tó nípọn, oní mìlímítà 20, ni wọ́n fi sí i.

Nítorí náà, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi de áásù ṣe pàtàkì. Ẹ nu ihò rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má ṣẹ́ kù. Ẹ ti áásù bọ̀ ọ́, ẹ dè é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bóòtù tó ń fún un mọ́ ẹsẹ̀ kan ṣì dẹ̀. Ẹ wá fi gbogbo ara tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wálẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ tó dẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ wá àyè tó bá a mu. Ìgbà yẹn lẹ tó ń fún bóòtù, dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa fa ara wọn, fọ́ọ̀kì á máa há, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ṣe é.

Kí ló wá dùn nínú ẹ̀? Ọ́ìlì máa ń jókòó sórí síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú), kì í gbẹ. Páìpù tó nípọn sì wà lókè, níbi tí agbára bíréèkì ti ń tẹ fọ́ọ̀kì jù, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó há bọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì lórí òkúta. Lójú tèmi, ẹni tó ń já òkè gíga wálẹ̀ kíkankíkan lowó ẹ̀ tọ́ sí. Ẹni tó ń gun òkè fún wákàtí púpọ̀, kó ra èyí tí gbogbo wa mọ̀: ó sábà máa ń fúyẹ́, owó ẹ̀ náà sì máa ń dínkù.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ yọ ike tó bo páìpù tínńrín (òkúta ni wọ́n ṣe é fún), kẹ́ ẹ fi èékánná fa páìpù náà látòkè délẹ̀. Tí èékánná bá kọ́ àpá níbẹ̀, síìlì ò ní pẹ́ ya. Ọ́ìlì tó bá jò níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn lọ, sórí díìsìkì bíréèkì. Bó bá ti kan páàdì, ẹ pààrọ̀ páàdì náà, ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́.