Kásúà ìjọba tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkìtì: bí ẹ ṣe máa gba ẹ̀tọ́ yín

Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní bí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní kásúà, bá ti lo ọdún 5 tàbí 10, ó ti di pámánẹ́ǹtì nìyẹn. Lẹ́tà àjọ tó ń gbani síṣẹ́ ọba ló ń sọni di pámánẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun èèyàn, ó sì yẹ kó dunni: ẹni tó ti ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn láti ayé gómìnà mẹ́ta sẹ́yìn kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ wà fún un, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa fi gbà á.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin tó kàn yín. Agbálẹ̀, ọlọ́dẹ, awakọ̀, alásè àti akọ̀wé wà lábẹ́ Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì, tíṣà àti ẹnjiníà kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà wọ́n àti ìlànà iṣẹ́ ọba ni kí wọ́n dì mú.

Abala 7 òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ fún yín ní ìwé láàárín oṣù 3: ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́, owó àti ìgbà tí wọ́n ń san án, wákàtí, ìsinmi. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀ ní ẹ̀dà 2. Kí rẹ́jísírì, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń gba lẹ́tà, gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ déètì sára èkejì. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, “a ò rí i” ni wọ́n máa wí.

Ẹ ní fáìlì kan nílé, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ lè má rí géètì wọ̀ mọ́. Ẹ kó gbogbo lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ iṣẹ́ yín dọ̀tun síbẹ̀, àkọsílẹ̀ owó láti báǹkì, àti fọ́tò rọ́sítà (ìwé tó ń sọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́) tó ní déètì. Àwọn ọ́fíìsì kan máa ń fi oṣù 1 sáàárín lẹ́tà méjì kí iṣẹ́ lè dà bíi pé ó já. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ lóṣù yẹn, rọ́sítà ló máa jẹ́rìí pé kò já rárá.

Iye ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ṣe pàtàkì, torí òun ni wọ́n fi ń ka àkókò ìkìlọ̀ kí wọ́n tó dá yín dúró. Ẹni tó ti lo ju oṣù 3 àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Ọdún 2 sí ìsàlẹ̀ 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ọdún 5 sókè, oṣù 1, nínú ìwé, tàbí kí wọ́n san owó rẹ̀.

Ẹ má buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tó ń gbé yín lọ sọ́dọ̀ kọngílá lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ so ó mọ́ owó oṣù. Agbanisíṣẹ́ tuntun lè ní òun ò mọ ọdún àtijọ́. Ẹ gba ẹ̀dà, ẹ fi han ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín.

Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 70,000 náírà láti 2024, àmọ́ òfin owó oṣù yìí yọ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ odindi ọjọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, Employees' Compensation Act, òfin 2010 lórí ẹni tó ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ka kásúà mọ́ ọn: ẹ jábọ̀ láàárín ọjọ́ 14, kẹ́ ẹ sì béèrè owó gbà-máà-bínú láàárín ọdún 1.

Bí wọ́n bá dá yín dúró, Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, ní Adó-Èkìtì kì í gba owó. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní gbèdéke oṣù 3 tí òfin fi sí pípe òṣìṣẹ́ ọba lẹ́jọ́ kò kan àdéhùn iṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́yà ìjọba ṣì máa ń gbé e jáde. Ẹ lọ kí oṣù 3 tó pé. Kí lọ́yà yín béèrè owó ìkìlọ̀ àti gbèsè owó oṣù pẹ̀lú, kì í ṣe kí wọ́n dá yín padà nìkan, torí ilé ẹjọ́ kì í sábà dá ẹni tí kò ní lẹ́tà pámánẹ́ǹtì padà sẹ́nu iṣẹ́.