Bí a ṣe ń tún ohùn áńpù gìtá kékeré onífáàfù ṣe

Tí ẹ bá ka ohun tí àwọn òyìnbó ń kọ lórí áńpù kékeré, ẹ ó rí i pé ohùn tó ń ya, ohùn rọ́ọ̀kì, ni wọ́n ń lé kiri. Àwa tí à ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kàbbà, tàbí níbi òkú àgbà ní Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́, ohun tí à ń wá kọ́ nìyẹn. Ohùn gaara la fẹ́, èyí tí okùn tín-ín-rín á máa dún ketekete, tí okùn nínípọn kò sì ní máa bá bàsì jà. Irú ohùn yẹn ni mo to iṣẹ́ yìí fún.

Áńpù tí mò ń bá wí ni oníwáàtì 5: fáàfù (gíláàsì tó ń gbóná, tó ń sọ ohùn di ńlá) 12AX7 kan níwájú, níbi tí ohùn gìtá ti ń wọlé, EL84 tàbí 6V6 kan lẹ́yìn, èyí tó ń ti sípíkà. Epiphone Valve Junior jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wáyà iná ti wọlé. Ti Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ 120 fóòtì, tiwa jẹ́ 230. Ẹ kì í bọ irú ẹ̀ mọ́ ògiri láìsí sítẹ́pù-dáùn, ìyẹn tíránsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120. Iná tiwọn tún ń yí nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa nígbà 50, nítorí náà tíránsífọ́mà tó jẹ́ ti 60 nìkan á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ ewu rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Iná inú áńpù onífáàfù ga ju ti ògiri lọ. Láàárín 250 sí 350 fóòtì ló máa ń wà, DC (iná tí kì í yí) sì ni. Kápásítọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ á tún máa pa iná yìí mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa áńpù. Ẹ má ṣí i nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ o! Wọ́n lè dá a padà nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ yọ wáyà lára ògiri, kẹ́ ẹ gbé orí ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti ń rí i.

Ẹ wá rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́nà, óòmù la fi ń wọ̀n ọ́n) 10k, ìyẹn óòmù 10,000, oníwáàtì 5, kẹ́ ẹ jó wáyà onírọ́bà tó ní kílíìpù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kílíìpù kan á gbá ṣáàsì (irin tí wọ́n to inú áńpù sí) mú, èkejì á lọ sí ẹsẹ̀ (+) kápásítọ̀ tó tóbi jù. Ẹ fi í síbẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi mítà wọ̀n ọ́n. Tí kò bá tíì wá sábẹ́ 10 fóòtì, ẹ dá a padà síbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kápásítọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń fi sukurudiráfà kan án kó lè bú gbàù. Ìwà ọmọdé ni, ó sì ń ba kápásítọ̀ jẹ́. Ọwọ́ kan ni kó máa ṣiṣẹ́, kí èkejì wà lápò. Ẹ má sì tan áńpù yìí láé láìsí sípíkà lára rẹ̀, tíránsífọ́mà tó ń gbé ohùn jáde lè jóná.

Ní báyìí, ẹ má tíì wá irin ìjólẹ́ẹ̀dì. Sípíkà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ínǹṣì 8 ló sábà máa ń wà nínú àpótí kékeré yẹn, kò sì lè gbé ohùn kankan dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ so áńpù mọ́ sípíkà ínǹṣì 10 tàbí 12 tó wà nínú àpótí tirẹ̀. Óòmù wọn gbọ́dọ̀ bára mu: 4 pẹ̀lú 4, 8 pẹ̀lú 8. Ẹ wo iye dB (bí sípíkà ṣe ń ké tó) tí wọ́n kọ fún wáàtì kan: sípíkà 97 dB tó ń jẹ wáàtì 5 á ké tó sípíkà 91 dB tó ń jẹ wáàtì 20. Ẹni tó bá ṣe èyí nìkan tó sì dúró síbẹ̀, mi ò ní bá a wí.

Fáàfù iwájú ló kàn. Lórí ìwé, 12AX7 lè sọ ohùn di ìlọ́po 100. 5751 jẹ́ 70, 12AT7 jẹ́ 60, 12AY7 jẹ́ 44. Ihò kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. (Tẹ́ ẹ bá rí ECC83, 12AX7 náà ni, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Yúróòpù ni.) Fún gìtá háílàìfù, 5751 tàbí 12AY7 ni mo máa mú, torí ẹ ó lè ṣí fólúùmù dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ fà á sókè tààrà. Ẹ má yí i bí ẹni ń yọ gílóòbù.

Iṣẹ́ ìjólẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ kò gba ju kápásítọ̀ kan lọ. Ẹ dojú áńpù dé, kẹ́ ẹ ka ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù iwájú láti ibi àlàfo, bí aago ṣe ń yí. Ẹsẹ̀ kẹta àti ẹsẹ̀ kẹjọ ni kátóòdù, ibi tí iná inú fáàfù ti ń jáde lọ sí ṣáàsì. Lórí ọ̀kan nínú wọn, tàbí lórí méjèèjì, ẹ ó rí rẹsísítọ̀ bíi 1.5k tó lọ sí ṣáàsì, pẹ̀lú kápásítọ̀ 22 tàbí 25 µF (µF ni ìwọ̀n kápásítọ̀) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kápásítọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ rọ́ wọlé. Okùn gìtá tó nípọn jù ń gbọ̀n nígbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 25 µF ń gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ jìnnà sí ìyẹn, àwọn ohun tí gìtá kò tilẹ̀ ní. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi 1 µF sípò rẹ̀. Ẹrẹ̀ inú ohùn á lọ, okùn tín-ín-rín á yọrí. Tó bá wá fẹ́lẹ́ jù létí yín, ẹ gbìyànjú 2.2 µF. Iná ibẹ̀ kò ju fóòtì kan sí méjì lọ, nítorí náà kápásítọ̀ 25 fóòtì ti tó, ẹ sì máa rí i lára bódù rédíò tó ti kú lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò. Ẹsẹ̀ (−) ló ń lọ sí ṣáàsì.

Áńpù mìíràn ní wáyà tó ń gbé díẹ̀ nínú ohùn láti sípíkà padà sẹ́yìn, bíi Fender Champ 5F1 tó fi rẹsísítọ̀ 22k ṣe é. Olórin rọ́ọ̀kì á já a. Ẹ fi tiyín sílẹ̀, òun ló ń mú kí ohùn mọ́.

Ẹ wá wo bí fáàfù ẹ̀yìn ṣe ń jẹ iná. Fún EL84, ẹ de mítà mọ́ rẹsísítọ̀ tó wà lórí ẹsẹ̀ kẹta kẹ́ ẹ tó tanná. Ká ní rẹsísítọ̀ náà jẹ́ 220 óòmù, tí mítà sì kà 9.9 fóòtì, ẹ fi 220 pín 9.9: áńpíà 0.045, ìyẹn 45 mA. Ẹ paná, ẹ fa iná inú rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ de mítà mọ́ ẹsẹ̀ keje àti ṣáàsì, kẹ́ ẹ tún tan án. Tó bá kà 270, ẹ yọ 10 kúrò, kẹ́ ẹ fi 260 tó kù lọ́po 0.045: wáàtì 11.7. EL84 kò gbọ́dọ̀ kọjá 12. Tó bá kọjá, 270 óòmù ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò 220. Ìgbà tí iná bá gun dáadáa ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, torí iná pupa tó máa ń wá nírọ̀lẹ́ á tàn yín jẹ, fáàfù á wá máa jìyà lóru.

Tí áńpù bá ń hùn, ẹ tẹ okùn nínípọn jù ní ojú kẹta kẹ́ ẹ ta á. Tí híhùn náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ó ń gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kápásítọ̀ ńlá ló ń kú lọ: ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí fóòtì tuntun má dín sí ti àtijọ́. Tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn gan-an, 50 ni, láti inú iná tó ń gbé fáàfù gbóná ló sì ti sábà máa ń wá. Ẹ lọ́ wáyà méjì tó ń gbé e mọ́ra wọn, kẹ́ ẹ gbé wọn jìnnà sí wáyà ohùn. Tí híhùn náà bá sì dákẹ́ nígbà tí ẹ yí fólúùmù áńpù sílẹ̀ pátápátá, wáyà gìtá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.