Ohun Tí Oúnjẹ Ń Dà Nínú Ara Wa

Ẹ bu búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà sẹ́nu, kẹ́ ẹ má tíì gbé e mì. Ẹ rọra máa rún un fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rí i pé adùn ń yọ díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ẹnu ló ti ń gé sítáàṣì inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Bí ara ṣe ń ṣe ohun tí a bá jẹ nìyẹn: á kọ́kọ́ tú u palẹ̀, á wá ṣa èyí tó wúlò níbẹ̀ fún ara rẹ̀.

Sítáàṣì àti ṣúgà ni à ń pè ní kábọ̀háídíréètì. Agbára iṣẹ́ ló ń fún wa. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan máa ń fi díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lè di ọ̀rá. Ọ̀rá kì í ṣe ọ̀tá o. Gíráàmù kan rẹ̀ ní nǹkan bíi kálórì 9, ti kábọ̀háídíréètì ò ju 4 lọ. Ọ̀rá wà nínú awọ fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ègé tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, òun ló sì ń jẹ́ kí fítámì A, D, E àti K wọ ara dáadáa.

Purotéènì ló ká wa lára jù. Òun la fi mọ iṣan, awọ àti irun, òun náà sì ni ohun ìjà tí ara fi ń kojú kòkòrò àrùn. Hẹmoglóbíìnì tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀, purotéènì ni. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ tó gé sítáàṣì lẹ́ẹ̀kan náà, purotéènì ni. Oríṣi amino acid 20, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó ń para pọ̀ di purotéènì, ni ara ń tò pọ̀ di gbogbo wọn. Ara àgbàlagbà kò lè ṣe 9 nínú wọn fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ wọ́n. Ara kò sì ní àká tó ń kó purotéènì sí bó ṣe ń kó ọ̀rá pamọ́. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, iṣan ni yóò máa tú lò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín: ọmọ tó ń jẹ sítáàṣì nìkan lè yó bámúbámú kó má dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ fi ẹyin, ẹja, ẹran tàbí wàrà kún un. Bí agbára ò bá ká ìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ọkà, torí amino acid tó kéré nínú ọ̀kan, ó wà nínú èkejì. Bí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bá ń wú, tẹ́ ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ jìn tí kò tètè kún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

DNA ni àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń wò kó tó to purotéènì. Ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí lẹ́tà kan péré bá yí padà níbi tí wọ́n kọ ti hẹmoglóbíìnì sí, tí ọmọ sì gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ òbí méjèèjì, fòníkú-fọ̀ladìde dé nìyẹn.

Inú omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n ara àgbàlagbà ni. Ìgbẹ́ gbuuru tètè máa ń fà á gbẹ lára ọmọdé. Ẹ máa fún un ní ORS, ìyẹn omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ní ìwọ̀n, díẹ̀díẹ̀, torí ṣúgà inú rẹ̀ ló ń fa iyọ̀ àti omi wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ má sì já a lẹ́nu ọmú.