Ohun Tí A Lè Lò Dípò Agbọ̀n Ọdún Àjíǹde fún Àwọn Ọmọdé

Kí ẹ tó ra agbọ̀n tí àwọn kan máa ń kó ẹ̀bùn àti ṣokoléètì tí a ṣe bí ẹyin sí fún ọmọdé ní ọdún Àjíǹde, tí kò sì ní wúlò mọ́ bí ọdún náà bá ti kọjá, ẹ wá ohun tí ọmọ yóò lè máa lò fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì kó ẹ̀bùn rẹ̀ sínú rẹ̀. Korobá kékeré ni mo fara mọ́ jù: ẹ fi ìbọ̀wọ́, ṣọ́bìrì ọmọdé àti irúgbìn òdòdó sí i, kí ọmọ náà lè gbin nǹkan fúnra rẹ̀. Báàgì ìwé tàbí fìlà ńlá náà ṣeé lò. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 3, ẹ yọ ẹyin ṣokoléètì kéékèèké kúrò, nítorí ó lè há a lọ́fun.