Bẹ́ ẹ ṣe lè bá ìjọba Kánádà ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ Faransé níta Québec

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ Faransé ní Kánádà àmọ́ tí kì í ṣe Québec, ìpínlẹ̀ tí Faransé ti pọ̀ jù, lẹ ń gbé, ẹ máa tó mílíọ̀nù kan, òfin sì wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n òfin ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi wá bá yín nílé o. Ohun tó bá wà lórí bébà nìkan nìjọba ń rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọba tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bá. Iléèwé àti ọsibítù, tìjọba ìpínlẹ̀ ni. Pásípọ́ọ̀tù, tìjọba àpapọ̀. Owó tẹ́gbẹ́ fẹ́ fi ṣètò nǹkan, ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù Canadian Heritage, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àṣà.

Ti iléèwé ló gbóná jù. Abala 23 nínú Charter tọdún 1982, ìyẹn apá tó sọ ẹ̀tọ́ aráàlú nínú òfin Kánádà, sọ pé òbí tó jẹ́ ọmọ onílùú Kánádà, tó jẹ́ pé Faransé ló kọ́kọ́ kọ́ tó sì ṣì ń gbọ́ ọ, tàbí tó ka pírámárì ní Faransé ní Kánádà, lẹ́tọ̀ọ́ láti fọmọ ẹ̀ síléèwé Faransé, táwọn ọmọ bá ti pọ̀ tó. "Pọ̀ tó" yẹn gan-an ni wọ́n máa fi dá yín dúró, torí náà ẹ má dúró kíjọba wá ka ọmọ fún yín, ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí ẹ̀, àdúgbò tó ń gbé, kíláàsì tó máa wọ̀, kí òbí fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ àwọn ìkókó náà mọ́ ọn. Àní àwọn ìkókó! Nínú ẹjọ́ iléèwé Summerside ní Prince Edward Island, Supreme Court sọ lọ́dún 2000 pé kì í ṣe àwọn tó ti bèèrè nìkan ni kíjọba máa wò, kí wọ́n wo àwọn tó ṣeé ṣe kó wá náà. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì gbàwé ọmọ onílùú, ẹ̀tọ́ yẹn ò tíì kàn yín, àmọ́ ẹ lọ bá bọ́ọ̀dù iléèwé Faransé sọ̀rọ̀, ní Ontario wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n kí yín "Hello, bonjour", ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kẹ́ ẹ lè mú èyí tó wù yín, ẹ fi Faransé dáhùn jàre! Àwa tá a tètè máa ń yí sí Gẹ̀ẹ́sì kí láìnì lè yá, àwa náà la ń jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè Faransé.

Ká bá ìjọba ṣe ò ní ká máa wò wọ́n níran o. Lọ́dún 1997 tí ìjọba Ontario fẹ́ ti ọsibítù Montfort ní Ottawa, tó ń fi Faransé tọ́jú aláìsàn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gisèle Lalonde kó èrò jọ, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, nígbà tó fi máa di 2001 ọsibítù ọ̀hún ò lọ ibì kankan.

Tí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan tó yẹ kó fi Faransé dá yín lóhùn bá kọ̀, ẹ fẹjọ́ sun Kọmíṣọ́nnà fún èdè méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè ṣe é. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ọ́fíìsì wo, ohun tẹ́ ẹ bèèrè àti èsì tí wọ́n fún yín. "Wọn ò sọ Faransé sí mi" nìkan ò tó, kò sẹ́ni tó lè ṣèwádìí ìyẹn.