Bí A Ṣe Ń Wá Etí Ẹlòmíràn fún Orin Tí A Míìsì Nínú Ilé

Ẹni tí ó kọ orin kan, tí ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì láti po ohùn àti ohun èlò rẹ̀ pọ̀, èyí tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní míìsì, kò lè gbọ́ orin náà mọ́ bí àlejò yóò ṣe gbọ́ ọ. Ó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí, nítorí náà ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń bá a parí ọ̀rọ̀ tí ìlù ti bò mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wá etí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe béèrè ni a ó ṣe rí ìdáhùn gbà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí èmi ṣe ń ṣe é ní Kábà níbí, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, nínú yàrá tí kò gbà ju ibùsùn kan, tábìlì kan àti sípíkà kékeré méjì lọ.

Yàrá fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni ó máa ń tàn wá jẹ jù. Ọ̀pọ̀ yàrá tí a ń lò láti Kábà títí dé Ìsánlú jẹ́ yàrá búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí ògiri rẹ̀ sì le, tí ó ń dá ohùn padà. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri méjì tí ó kọjú síra bá fi mítà 3 jìnnà síra, ohùn bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn tí ó rinlẹ̀, tí ó wà ní nǹkan bíi 57 Hz (ìgbà 57 ni ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ láàárín wọn, yóò pọ̀ ní àpọ̀jù lẹ́bàá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní agbedeméjì yàrá. Agbedeméjì náà gan-an ni mo ń jókòó sí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. N kò gbọ́ bẹ́ẹ̀sì dáadáa, mo sì ń bu bẹ́ẹ̀sì kún un, mo rò pé mo ń tún orin ṣe, títí awakọ̀ kan tí ó ń ná ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́ja fi gbé orin náà sínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń gbọ̀n rìrì, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn èrò kò sì lè sọ ohun tí akọrin ń wí. Mo ti sún àga mi kúrò níbẹ̀, mo sì ti kó fóòmù tí ó nípọn sí igun yàrá. Ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ awakọ̀ yẹn ni ó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún mi, mo sì ń padà sí inú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo orin tí mo bá ṣe.

Kí a tó fi orin ránṣẹ́, fáìlì tí a máa fi ránṣẹ́ ṣe pàtàkì. Bí ẹni tí a fẹ́ bi léèrè bá jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ míìsì, WAV 24-bit, fáìlì tí a kò fún pọ̀, ni kí ẹ fún un, kí ibi tí orin ti ga jù má ṣe kọjá -6 dBFS (dB ni òṣùwọ̀n agbára ohùn, 0 dBFS sì ni òpin tí fáìlì lè gbà), kí ẹ sì yọ limiter, ohun tí ń dá ohùn dúró kí ó má ga jù, kúrò lórí gbogbo orin kí ó lè gbọ́ ohun tí ẹ ṣe gan-an. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún orin ìṣẹ́jú mẹ́ta lè tó 50 MB, dátà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Fún àwọn tí ó kù, MP3 320 kbps, tí kò ju nǹkan bíi 7 MB lọ, ti tó. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì. Ẹ má ṣe gbé fóònù sí iwájú sípíkà kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ènìyàn, nítorí pé yàrá yín àti máìkì fóònù ni ẹni náà yóò máa dá lẹ́jọ́, kì í ṣe orin yín.

Nípa ẹni tí ó yẹ kí a bi, mo ti rí i pé ẹni mẹ́ta tí wọ́n yàtọ̀ síra sàn ju ogún ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe orin lọ. Awakọ̀ ni ẹni kìíní, mo sì ti sọ ti rẹ̀. Ẹni kejì ni ẹni tí ó ń míìsì orin fúnra rẹ̀, tí yóò lè pe ìṣòro lórúkọ. Ẹni kẹta, tí èmi gbà pé ó ṣe pàtàkì jù fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọrin ní ẹ̀ka èdè Yàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú, ni àgbàlagbà tí ó ń sọ ẹ̀ka èdè náà, tí kò sì gbọ́ orin náà rí.

Èdè wa ń gbé lórí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni reverb (ìró tí ń dún tẹ̀lé ohùn, bíi ti inú gbọ̀ngàn) tí ó gùn jù máa ń fa ohùn sílébù tí ó kọjá sórí èyí tí ó ń bọ̀, tí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ di ọkọ létí olùgbọ́. Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tí ń tún ohùn akọrin tí ó bá ṣì ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1997, náà lè ṣe irú rẹ̀: bí a bá jẹ́ kí ó yára gba ohùn mú jù, ó máa ń gé ìyọ́kẹ́lẹ́ tí ohùn fi ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ kúrò, ohùn yóò sì máa fò láti orí àkàsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà kò lè fura sí èyí láéláé, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó. Nítorí náà, mo máa ń lọ bá ìyá àgbà kan ní Ìyàrá. Mo ń kí i ní "Okun o", a ó sọ̀rọ̀ nípa ilé àti oko, lẹ́yìn náà mo ń fi orin gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó tún ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìíní sọ fún mi. Ibi tí ó bá ti dákẹ́, tàbí tí ó ti pe ọ̀rọ̀ míràn, ni mo ń fi àmì sí. N kì í bi í bóyá orin náà dùn.

Ìbéèrè náà gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù. Bí a bá bi ọmọ Okun pé, "Ṣé ó dùn?", yóò ní ó dùn, nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí ó bu iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kù lójú rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí ó lè dáhùn láìjẹ́ kí ojú tì í: Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ kò gbọ́? Kí ni ó kọ́kọ́ wọ̀ yín létí, ìlù ni tàbí ohùn? Ṣé ibì kan wà tí ẹ ti fẹ́ dín in kù? Nígbà tí ègbè wọlé, ṣé ó bo lílé mọ́lẹ̀? Ẹ má sì ṣe sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń fura sí ṣáájú, nítorí bí ẹ bá ti ní "ó dà bíi pé bẹ́ẹ̀sì pọ̀", bẹ́ẹ̀sì nìkan ni ẹni náà yóò máa gbọ́.

Ìdáhùn tí ẹ bá gbà ń sọ ibi tí ó ń dun olùgbọ́. Oògùn rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ènìyàn bá ní, "N kò gbọ́ ohùn akọrin", ọwọ́ máa ń yá wa láti gbé ohùn sókè, nígbà tí ó jẹ́ pé gìtá àti dùùrù ni wọ́n jókòó sí ààyè kan náà pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá láàárín 200 sí 500 Hz. Ẹ fi EQ, ohun tí a fi ń dín apá kan ohùn kù tàbí fi kún un, dín ohun èlò wọ̀nyẹn kù níbẹ̀ ní dB méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó rí i pé ohùn jáde láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ní orin ń gún etí, ẹ wo 2 sí 5 kHz (1 kHz jẹ́ 1,000 Hz). Bí ó bá jẹ́ pé "s" àti "ṣ" ni ó ń ṣe ṣíṣà-ṣíṣà, ẹ wo 5 sí 8 kHz, ṣùgbọ́n ẹ rọra, nítorí pé ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń mọ́ ketekete. Bí ó bá sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀sì dùn nínú ọkọ̀ tí ó sì pòórá lórí fóònù, sípíkà fóònù kò lè gbé 60 Hz jáde. A ní láti fi saturation, ohun tí ń mú kí ohùn ha díẹ̀, kún bẹ́ẹ̀sì díẹ̀ kí ohùn tí ó ga ju ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ lè mú un wá sí etí. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí, nítorí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa kọ́kọ́ gbọ́ orin yín.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe àtúnṣe, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀dà tuntun wé ti àtijọ́, ẹ rí i pé méjèèjì ń dún bákan náà ní agbára. Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ nípa ìró, ti fi hàn ní ọdún 1933 pé bí ohùn bá ṣe ń pariwo sí i ni etí wa ń gbọ́ bẹ́ẹ̀sì sí i, nítorí náà ẹ̀dà tí ó bá fi dB kan péré pariwo ju èkejì lọ ni a sábà máa ń sọ pé ó sàn jù. Ariwo náà kò tilẹ̀ wúlò lẹ́yìn tí orin bá jáde, níwọ̀n bí Spotify ti máa ń mú orin wá sí nǹkan bíi -14 LUFS, òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó. Bákan náà, ẹ má ṣe gbé ìdájọ́ kalẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń hó lábẹ́ fèrèsé. Ẹ dúró de iná, tàbí kí ẹ lo bátìrì kọ̀ǹpútà.

Bí ẹnì kan bá ráhùn, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá ibi tí ó wà. Bí ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn bá ráhùn sí ibì kan náà, mo ń tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹ̀dà ni mo ń fún ní nọ́ńbà, n kì í sì í pa èyí àtijọ́ rẹ́. Ẹ̀dà kẹrin orin tí mo ń ṣe lọ́wọ́ ni mo gbé padà sí Ìyàrá láìpẹ́ yìí, ìyá àgbà sì tún gbogbo ẹsẹ kìíní sọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó ní ìlà kẹta kò rí bí àwọn ṣe ń sọ ọ́ ní Ìjùmú, ó sì pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí EQ lè tún ṣe. Mo padà sí Kábà, mo gbé máìkì kalẹ̀, mo sì ní kí akọrin tún ìlà náà kọ.