Bí a ṣe ń kọ kóòdù tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá já

Ká ní ìyá kan tó ń ta epo pupa lọ́jà Odò-Ògbè, n'Ílé-Ifẹ̀, fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì 20 lórí wẹ́ẹ̀bù yín. Ó tẹ "Ránṣẹ́", nǹkan ń yí lójú fóònù, èsì ò dé. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ kóòdù yín báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ dá gbèdéke àkókò sílẹ̀, torí `fetch`, ìyẹn àṣẹ JavaScript tó ń bá server (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn fún wẹ́ẹ̀bù yín) sọ̀rọ̀, kì í dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi `signal: AbortSignal.timeout(10000)` sí i, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 10. Mi ò ní gbà kí ẹ fi í sí 3. Nẹ́tíwọ̀kì tó ń fà ṣì lè jíṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi `try` (tó ń gbìyànjú iṣẹ́) àti `catch` (tó ń mú àṣìṣe rẹ̀) mú ìjákulẹ̀. Ṣùgbọ́n `catch` kò ní mú 404 (ohun tí ẹ béèrè kò sí) tàbí 500 (àṣìṣe wà lọ́dọ̀ server), nítorí lójú `fetch`, server ti dáhùn nìyẹn. Àfi kí ẹ yẹ `response.ok` wò, tó ń sọ bóyá èsì náà dára. Ẹ má gbára lé `navigator.onLine`, tó ń sọ bóyá fóònù wà lórí nẹ́tíwọ̀kì: Wi-Fi tí dátà rẹ̀ ti tán ṣì lè mú kó sọ pé `true`.

Tí kóòdù bá máa tún un gbìyànjú, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1, kó dúró fún 2, kó dúró fún 4, kó wá jáwọ́. Ẹ fi `Math.random()` bù díẹ̀ kún un, kí gbogbo fóònù má baà ya lu server pọ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá padà dé. Ẹ má tún 400 (ìbéèrè tí kò tọ́) tàbí 404 gbìyànjú rárá.

Ibi tó léwu jù nìyí. Ó lè jẹ́ pé èsì ló sọnù, kì í ṣe ìbéèrè. Bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni: ó ti jíṣẹ́, kò kàn tíì padà wá sọ ni. Tí ẹ bá tún `POST` náà (ìbéèrè tó gbé ọjà rẹ̀ lọ sí server) rán, kẹ́ẹ̀gì 20 á di 40, owó á sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kí ẹ tó rán an rárá, ẹ fi `crypto.randomUUID()` ṣe nọ́ńbà kan tí kò ní jọ òmíràn (orí `https` ló ti ń ṣiṣẹ́), kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà kan náà yẹn rán an ní gbogbo ìgbà. Kí server tọ́jú rẹ̀ sínú database (ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ sí) pẹ̀lú `UNIQUE`, tí kì í gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá tún rí i, èsì àkọ́kọ́ ni kó dá padà.

Ẹ tọ́jú ohun tí ìyá náà tẹ̀ sínú `localStorage` (ibi ìpamọ́ inú browser fóònù rẹ̀), kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un: "Nẹ́tíwọ̀kì já, Mà. A ò tíì mọ̀ bóyá ọjà tí ẹ béèrè ti wọlé. A ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má tíì sanwó míì."

Láti dán an wò, ẹ tẹ "Ránṣẹ́", kí ẹ pa dátà fóònù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Ẹ wo database: ìlà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.